Mo fẹ́ ṣí adágún òṣíbàtà kékeré kúrò ní ẹ̀yìnkùlé lọ sí iwájú ilé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọlọ́gbà Ìbàdàn kọ pé:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Mo ní adágún òṣíbàtà kékeré kan ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìbàdàn. Ó gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní mítà kan ààbọ̀, omi inú rẹ̀ sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60. Rọ́bà dúdú tí ó nípọn ni a tẹ́ sínú ihò rẹ̀, a sì to òkúta yí etí rẹ̀ ká. Òṣíbàtà funfun tí ń là ní alẹ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Aláwọ̀ búlúù tí ń là ní ọ̀sán wà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Ẹja epìyà díẹ̀ náà wà nínú omi.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé ni pé aládùúgbò mi ti kọ́ ilé alájà méjì sí ìhà ìlà-oòrùn, igi fúrúùtù tí ó wà ní ìhà kejì sì ti tóbi débi pé oòrùn kì í kan omi náà ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ lójúmọ́. Láti ìgbà náà ni ọrùn ewé òṣíbàtà ti ń gùn ṣáá tí ewé fúnra rẹ̀ kò sì fẹ̀, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí òdòdó mọ́. Àyè kan wà ní iwájú ilé, nítòsí ògiri, tí oòrùn ń pa láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ gbé e lọ. Ṣé kí n tú rọ́bà àtijọ́ náà kí n tún un tẹ́ ni, àbí kí n ra tuntun? Ṣé mo lè kó omi rẹ̀ lọ síbẹ̀? Ṣé mo sì lè ṣe é nínú oṣù kìn-ín-ní yìí tí ọyẹ́ ń fẹ́, àbí kí n dúró de òjò?

Ìyá Eléwéko, Òṣogbo, fèsì pé:

Ẹ kú ìtọ́jú ọgbà o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ kò bèèrè, nítorí òun ni ó ká mi lára jù: ẹ má ṣe tú ti àtijọ́ rárá títí tuntun yóò fi gba omi, tí omi náà yóò sì fi wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìjò. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tú ti ẹ̀yìnkùlé, tí ó wá bá òkúta pàdé nígbà tí ó ń gbẹ́ ti iwájú ilé, yóò kó òṣíbàtà àti ẹja sínú ike fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, inú ike yẹn sì ni wọn yóò ti bàjẹ́. Bí méjèèjì bá jọ wà, ìrìn àjò òṣíbàtà láti ibì kan dé ibì kejì kò ní ju òwúrọ̀ kan ṣoṣo lọ.

Ní ti oòrùn, òṣíbàtà ń fẹ́ oòrùn gidi fún wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà ó kéré tán lójúmọ́. Àwọn kan máa ń rò pé èyí tí ó funfun kò nílò oòrùn púpọ̀ nítorí pé alẹ́ ni ó ń là, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ni ewé rẹ̀ ń pèsè oúnjẹ tí yóò fi yọ òdòdó náà, nítorí náà àìsí oòrùn ní ọ̀sán ni àìsí òdòdó ní alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń wo àyè iwájú ilé yín nínú ọyẹ́ báyìí, oòrùn kò sì dúró sójú kan láti oṣù dé oṣù. Ní Ìbàdàn, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kìíní, oòrùn ọ̀sán máa ń yẹ̀ sí ìhà gúúsù, òjìji ògiri á sì ṣubú sí àríwá. Tí ó bá di oṣù kẹfà, òdì-kejì rẹ̀ ni. Bí ògiri yín bá wà ní ìhà gúúsù àyè náà, ohun tí ẹ ń rí nísinsìnyí ni òjìji tí ó burú jù, ẹ lè fi ọkàn balẹ̀. Bí ó bá wà ní ìhà àríwá, ẹ jìnnà sí i díẹ̀ kí òjìji oṣù kẹfà má baà bá yín. Ẹ gún èèkàn sílẹ̀ níbi tí òjìji dé ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ọkọ́.

Ní ti àkókò, ẹ gbẹ́ ihò nísinsìnyí, ẹ sì dúró di ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ nínú oṣù kẹrin kí ẹ tó ṣí òṣíbàtà. Iṣu òṣíbàtà funfun lágbára púpọ̀. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, tí odò bá gbẹ, inú ẹrọ̀fọ̀ líle ni ó máa ń sùn sí títí òjò yóò fi padà dé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti ní ewé tí ń dàgbà lọ́wọ́ kò lè fara da afẹ́fẹ́ ọyẹ́, ìka ewé tuntun tí ó wà ní orí iṣu á tètè gbẹ tí ẹ bá gbé e sójú afẹ́fẹ́.

Bíríkìlà Abẹ́òkúta fèsì pé:

Màmá ti sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ihò kún un, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn.

Rọ́bà àtijọ́ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Apá rẹ̀ tí ó wà nínú omi lè dára síbẹ̀, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tí oòrùn ń pa á ti gan, á sì máa là níbi tí ẹ bá ti tún un ṣẹ́. Ẹ ra tuntun, kí ẹ sì ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa: gígùn ihò, ẹ fi jíjìn rẹ̀ lọ́nà méjì kún un, ẹ wá fi sẹ̀ǹtímítà 30 kún un ní etí kọ̀ọ̀kan. Fún ihò yín, mítà 3.8 ní gígùn àti mítà 3.3 ní fífẹ̀ ni ẹ nílò. Tapólì tí àwọn ọlọ́sìn ẹja ń lò dára fún un, bí ó bá ti nípọn. Ẹ ṣa gbogbo òkúta mímú àti gbòǹgbò kúrò nínú ihò, ẹ da yanrìn lẹ́búlẹ́bú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ sì tẹ́ àpò tàbí kápẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sórí rẹ̀ kí rọ́bà tó wọlé.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti máa ń dójú ti ènìyàn ni ìdọ́gba etí. Omi kì í parọ́: bí etí kan bá fi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ sílẹ̀ ju èkejì lọ, gbogbo ayé ni yóò máa rí rọ́bà dúdú ní apá tí ó ga. Ẹ mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń rí inú rẹ̀, ẹ rọ omi sí i, kí ẹni méjì di orí rẹ̀ mú ní etí méjèèjì. Ibi tí omi bá dúró sí ní orí kọ̀ọ̀kan ni ìdọ́gba wà. Ẹ tún gbé etí adágún náà ga ju ilẹ̀ àyíká lọ ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó kéré tán, kí àgbàrá òjò má baà gbé ẹrẹ̀, epo àti ìdọ̀tí wọ inú rẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: níbo ni ihò tí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín ń wọ̀ wà? Ní ọ̀pọ̀ ilé, iwájú ilé ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ sí.

Ọlọ́gbà Ìbàdàn fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbẹ́ ilé ní apá ọ̀tún ni ihò ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ó sì jìnnà sí ibi tí mo ń wò. Ìhà àríwá ni ògiri wà, nítorí náà ọ̀rọ̀ Màmá nípa òjìji oṣù kẹfà kàn mí gan-an. N ó sún un síwájú. Bíríkìlà, ṣé kọnkéré kò ní pẹ́ ju rọ́bà lọ?

Bíríkìlà Abẹ́òkúta fèsì pé:

Yóò pẹ́ jù ú lọ bí irin bá wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣí tí aládùúgbò mìíràn bá tún kọ́lé. Omi inú kọnkéré tuntun sì máa ń le fún ẹja àti ewé nítorí ohun tí ń jáde láti ara sìmẹ́ǹtì, tí ó ń mú kí pH omi náà, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bóyá omi kan tàbí kò kan, ga sókè. Ẹ ó ní láti rọ omi kún un, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ dà á nù, kí ẹ sì tún un ṣe léraléra kí ohun alààyè tó lè gbé inú rẹ̀. Fún adágún tí kò tóbi ju tiyín lọ, rọ́bà ni èmi yóò lò.

Ọlọ́sìn Ẹja, Ìjẹ̀bú-Òde, fèsì pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Adágún yín gba omi tó lítà 1,800, bí a bá sọ gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn rẹ̀ di púpọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ má ṣe wàhálà láti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ohun tí ó níye lórí nínú adágún tí ó ti pẹ́ kì í ṣe omi rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń sọ ìgbẹ́ ẹja di oúnjẹ fún ewé, ara òkúta, ara gbòǹgbò àti inú ẹrọ̀fọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń léfòó nínú omi. Nítorí náà, òkúta tí ó ń yọ̀ yẹn ni kí ẹ kó lọ, ẹ má sì fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ bu garawa ẹrọ̀fọ̀ kan tàbí méjì láti ìsàlẹ̀ kún un.

Omi tuntun ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba tí wọ́n ti fi kiloríìnì sí, ẹ fi sílẹ̀ sójú oòrùn láìbò fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Bí ó bá jẹ́ omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ tí a gbẹ́, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kì í pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, òun náà nílò ìsinmi díẹ̀. Omi òjò láti orí òrùlé dára bí òrùlé náà bá mọ́, ẹ ṣáà jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ òrùlé náà kí ẹ tó gba tirẹ̀.

Ní ti epìyà, ẹ má fún wọn lóúnjẹ ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. Ẹ kó wọn ní òwúrọ̀ nígbà tí oòrùn kò tíì mú, sínú ike tí omi àtijọ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì bò ó, nítorí wọ́n lè fò jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa bu omi tuntun mọ́ omi inú ike náà títí ara wọn yóò fi mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ òtítọ́ lẹ́nu mi, ẹ dín wọn kù. Epìyà ń pọ̀ sí i kíákíá, akọ rẹ̀ máa ń gbẹ́ ihò sí ìsàlẹ̀ omi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ yé, àwọn irú rẹ̀ kan sì wà tí wọ́n ń jẹ ewé inú omi. Àrọ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú ẹrọ̀fọ̀ ni ó ti ń wá oúnjẹ, gbogbo iṣu yín ni yóò hú síta.

Ọmọ Odò Ògùn fèsì pé:

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ omi yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí a bá gbé ohun omi lọ sínú omi àjèjì, ó máa ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ kó omi àtijọ́ lọ, bí kò tilẹ̀ ju ìdajì lọ.

Ọlọ́sìn Ẹja, Ìjẹ̀bú-Òde, fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín ní ìtumọ̀ fún ẹja, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ní kí a máa po omi náà pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí omi yìí ti ń bọ̀. Ewé igi fúrúùtù ti ń já sínú rẹ̀ tí ó sì ń jẹrà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìgbà. Omi náà ti ṣú, oúnjẹ tí ó pọ̀ jù ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá da ìdajì rẹ̀ sójú oòrùn tí ó mú, ewédò ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́, gbogbo adágún á sì di àwọ̀ ewé. Ìdá kan nínú márùn-ún tó. Kódà pẹ̀lú ìyẹn, omi tuntun yóò ṣì di aláwọ̀ ewé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí Ọlọ́gbà má ṣe tìtorí rẹ̀ dà á nù. Bí ewé òṣíbàtà bá ti bo bí ìdajì ojú omi tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òjìji ewé náà ni yóò mú kí omi mọ́.

Ọmọ Èkìtì ní Leeds fèsì pé:

Ẹ kú ilé o. Mo kàn fẹ́ ṣe ìkìlọ̀ kan fún ẹni tí ó bá ń ka ìwé ọgbà àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Òṣíbàtà tí a ní níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀: èyí tí ń fara da yìnyín ni, gbòǹgbò rẹ̀ sì máa ń nà lọ nílẹ̀ gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláwọ̀ mèremère rẹ̀ wá láti ọgbà ọ̀gbẹ́ni Latour-Marliac ní Temple-sur-Lot ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó kó tirẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ńlá ìlú Paris ní 1889, níbi tí Monet ayàwòrán ti rí wọn kí ó tó gbẹ́ adágún tirẹ̀ ní Giverny. Nígbà tí ìwé wa bá sọ pé kí a ṣí òṣíbàtà nínú oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, òtútù tí ó ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ó ń wò. Ó ṣe kòńgẹ́ pẹ̀lú oṣù tí Màmá dá, ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni ó fà á. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí ń tú omi sókè síbẹ̀ nítorí ẹwà. Òṣíbàtà kò fẹ́ omi tí ń ta sí i lórí tàbí tí ń rú.

Nọ́ọ̀sì Àgbègbè fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, iwájú ilé ni ẹ ń gbé e bọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ó sún mọ́ fèrèsé yàrá. Ní ilẹ̀ wa tí ó móoru, tanwíji lè di ẹ̀fọn láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri sì fẹ́ràn omi mímọ́ tí oòrùn ń kàn, èyí tí ó jẹ́ irú adágún tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an. Kí adágún tuntun má wà láìsí ẹja nínú rẹ̀ ju ọjọ́ díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rọ omi sí i nísinsìnyí láti dán an wò títí di oṣù kẹrin, ẹ kó ẹja wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, tàbí kí ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bò ó. Ike tí ẹ bá rẹ òṣíbàtà sí náà gbọ́dọ̀ ní ìbòrí. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì sí i, ẹja àti ewé ni yóò pa.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ọmọdé. Omi tí kò jìn rárá lè gbé ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ, àwọn ènìyàn sì máa ń wọlé wọ̀de ní iwájú ilé ju ẹ̀yìnkùlé lọ. Kí Bíríkìlà bá yín di irin wẹ́wẹ́ pọ̀ bí àwọ̀n, kí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, kí a sì gbé e sí abẹ́ ojú omi díẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù. Ewé òṣíbàtà máa ń ká mọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ń gòkè bọ̀, yóò gba ojú irin náà kọjá, kò sì ní hàn síta.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ bá fẹ́ lọ mú òṣíbàtà sí i láti inú odò, ẹ má kàn wọ odò lásán. Àtọ̀sí ajá, àrùn tí ń mú kí ènìyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀, ń ti ara irú ìgbín omi kan bọ̀ sára ènìyàn, àwọn abúlé etí adágún Oyán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn sì mọ ìyà rẹ̀. Ẹ wọ bàtà gígùn, kí ẹ sì fọ gbòǹgbò náà kí ìgbín kankan má bá a wálé.

Ọlọ́gbà Ìbàdàn fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Nọ́ọ̀sì. Ọmọ kékeré wà nílé, irin náà yóò wà níbẹ̀ kí omi tó wọ inú rẹ̀. Màmá Eléwéko, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé bí n óò ṣe hú òṣíbàtà náà gan-an. Gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ ara wọn ní ìsàlẹ̀.

Ìyá Eléwéko, Òṣogbo, fèsì pé:

Ẹ fa omi náà títí yóò fi ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ gé gbogbo ewé tí ó ti gbó kúrò, kí ẹ ṣẹ́ ewé kéékèèké mẹ́ta sí márùn-ún kù sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí gbòǹgbò tí a bá ti dá lápá kò lè bọ́ ewé púpọ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ fi wá abẹ́ iṣu náà, ẹ má fi ọkọ́ ṣe é, kí ẹ sì gbé e sókè pẹ̀lú ẹrẹ̀ tí ó di mọ́ ọn. Bí ó bá ti jáde, àpò tí a ti rẹ sínú omi ni kí ẹ fi wé e, ní abẹ́ òjìji.

Ẹ wá fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò kí ẹ lè rí i kedere. Ibi tí ó bá rọ̀ tí ó sì ń rùn, ẹ gé e dànù títí ẹ ó fi dé ibi tí ó le tí ó sì funfun. Ẹ ó rí ọmọ iṣu wẹ́wẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ tọ́jú wọn, nítorí àwọn ni yóò rọ́pò ìyá bí ó bá kọ̀ láti mú. Bí aláwọ̀ búlúù yín bá jẹ́ irú tí ń bímọ sórí ewé, ẹ wo ìdodo ewé rẹ̀ níbi tí ọrùn ti so mọ́ ọn: ewéko kékeré kan á ti máa hù níbẹ̀. Ẹ gé ewé náà, kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ ọmọ náà mọ́ ẹrẹ̀ nínú omi tí kò jìn, yóò ta gbòǹgbò. Mo fẹ́ràn irú yìí gan-an, nítorí kò sí ìgbà tí ó ń fi olówó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

Ní ti ìgbìn, inú abọ́ rọ́bà tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 35 tàbí 40 ni kí ẹ gbìn wọ́n sí, ẹ má gbìn wọ́n sí ìsàlẹ̀ adágún mọ́. Bí ẹ bá tún fẹ́ ṣí i lọ́jọ́ iwájú, ẹ kàn máa gbé abọ́ ni. Ilẹ̀ amọ̀ tí ó wúwo ni kí ẹ lò. Ilẹ̀dú tí ó kún fún ewé jíjẹrà yóò léfòó, yóò sì ba omi jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbẹ́ adìẹ tútù. Ẹ jẹ́ kí orí iṣu náà, níbi tí ewé ti ń yọ, wà lókè ilẹ̀, kí ẹ wá da òkúta wẹ́wẹ́ yí i ká kí ẹja má baà tú u. Búlọ́ọ̀kù ni kí abọ́ náà kọ́kọ́ jókòó lé, kí omi tí ó wà lórí rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Bí ọrùn ewé bá ti ń gùn, ẹ máa yọ búlọ́ọ̀kù náà díẹ̀díẹ̀ títí omi orí rẹ̀ yóò fi tó sẹ̀ǹtímítà 40.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ewé tí ẹ bá kó wá yóò pọ́n, wọn yóò sì kú. Ẹ má bẹ̀rù, ewé tuntun tí ń yọ láti àárín ni kí ẹ máa wò. Bí ewé tuntun mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ti tẹ́ sórí omi, ẹ fi amọ̀ di ṣíbí kékeré ajílẹ̀ NPK 15-15-15 kan pọ̀ rùmúrùmú, kí ẹ sì kì í bọ inú ilẹ̀ abọ́ náà jìnnà. Ẹ má wọ́n ọn sínú omi rárá. Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Tiyín náà yóò lékè.

Ọlọ́gbà Ìbàdàn fèsì pé:

Àmín o, Màmá. Mo ti gún èèkàn, n ó sì pe ẹni tí yóò gbẹ́lẹ̀. Ó ku nǹkan méjì. Òṣíbàtà tí ó wà níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí adágún tuntun lè gbà lọ, aládùúgbò kan sì ní kí n kó èyí tí ó ṣẹ́kù lọ dà sínú odò. Kí ni kí n sì fi ihò àtijọ́ ṣe?

Ìyá Eléwéko, Òṣogbo, fèsì pé:

Ẹ má da nǹkan kan sínú odò. Òṣíbàtà funfun jẹ́ ti ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹ kò lè mọ ohun tí ó bá ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ. Ewéko omi olódòdó elésè àlùkò tí ó gba ojú ọ̀sà láti Badagry wá sí Èkó ní 1984 kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, títí di òní ni ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja. Ẹ fún àwọn ènìyàn nínú àwa tí a wà níhìn-ín. Èmi gan-an yóò gba mẹ́ta bí ẹ bá rí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé Òṣogbo. Èyí tí kò bá rí ẹni tí yóò gbà á, ẹ gé e wẹ́wẹ́ kí ẹ sì dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ní ti ihò, ẹ má yọ rọ́bà àtijọ́ náà. Ẹ lu ihò sí i lára káàkiri, kí omi lè máa jò lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ da ẹrẹ̀ tí ó ṣẹ́kù padà sínú rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ tí ẹ bá gbẹ́ jáde ní iwájú ilé, kí ẹ sì gbin kókò síbẹ̀. Kókò fẹ́ràn ilẹ̀ tí ó tutù, òjìji igi fúrúùtù kò sì ní dí i lọ́wọ́. Ẹ gbìn ín ní oṣù kẹrin kan náà.